Ìbuwọ́lù Kò Lè Kọrin

Àwọn kan gbà pé kò sí ìrántí olórin tó kọjá páálí àwo tí ó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ orúkọ sí. Èrò náà kù díẹ̀ káàtó.

Ẹ wo I. K. Dairo, ọmọ Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà tí wọ́n bí sí Ọ̀ffà ní 1930. Ó ta gìtá, ó sì mú àkọ́díọ̀nù wọ inú orin jùjú. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi oyè MBE dá a lọ́lá ní 1963. Ó papòdà ní 1996.

Ní Òṣogbo, nígbà ayé Twins Seven-Seven, bí ó bá fọwọ́ sí àwòrán, iṣẹ́ àti orúkọ a wà lójú kan náà. Ti olórin kò rí bẹ́ẹ̀: orúkọ wà lára páálí, ohùn wà nínú àwo. Ẹni tó gbé páálí kọ́ ògiri, tí kò gbọ́ ‘Salome’ rí, orúkọ lásán ló ní.

Wọn a ní ẹ̀rí ni ìbuwọ́lù jẹ́. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n bí ẹ̀rí ti wà lára ògiri, ooru ń ba àwo jẹ́, eruku sì ń ba ohùn inú rẹ̀ jẹ́.

Òṣómàáló ni wọ́n ń pe Ìjẹ̀ṣà: wọn a lóṣòó síwájú onígbèsè títí owó yóò fi jáde. Lónìí, àwọn gan-an ló jẹ Dairo ní gbèsè. Kí olùkọ́ gbé orin rẹ̀ wọ kíláàsì. Kí akẹ́kọ̀ọ́ dà á kọ, kí wọ́n tú òwe inú rẹ̀, kí wọ́n sì bi àgbà ilé léèrè ohun tó rú wọn lójú. Lẹ́yìn èyí ni kí wọ́n tó wá páálí lọ.