ỌKỌ̀ TÍ A FI ṢỌ́ ÒKUN

Ará òkè ni àwa tí ń gbé Ìjerò, Arámọ̀kọ àti Ẹ̀fọ̀n. Òkun jìnnà sí wa. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ wa ń lọ ṣiṣẹ́ níbi tí a gbé ń wa epo láàárín ibú, nítorí náà ọ̀rọ̀ òkun ti di ọ̀rọ̀ ilé wa. Ìyá kan ní Arámọ̀kọ mú lẹ́tà ọmọ rẹ̀ tọ̀ mí wá kí n kà á fún òun. Nígbà tí mo kà á tán, ó ní, "Akọ̀wé, bí iná bá sọ lórí omi níbẹ̀, ọ̀nà wo ni ọmọ mi yóò bá sá?" Ìbéèrè náà kò jẹ́ kí n tètè sùn.

Ìdáhùn kan wà. Ní ọ̀pọ̀ ibi tí a gbé ń wa epo lójú òkun, a máa ń fi ọkọ̀ kan sí ìtòsí tọ̀sán-tòru, kí ó máa ṣọ́nà, kí ó sì yọ ènìyàn nínú omi ní ọjọ́ ibi. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí a bèèrè irú ọkọ̀ tí ó jẹ́, àti iṣẹ́ tí a torí rẹ̀ kàn án.

Ní alẹ́ ọjọ́ 6 oṣù July, ọdún 1988, iná jó ibùdó epo Piper Alpha ní Òkun Àríwá, níwájú ilẹ̀ Scotland. Ènìyàn 167 ni ó kú. 61 nínú àwọn òṣìṣẹ́ ibùdó náà ni ó yè. Silver Pit ni ọkọ̀ ẹ̀ṣọ́ tí ó wà nítòsí. Ọkọ̀ apẹja ni í ṣe láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Ẹ̀yìn náà ni a tún un ṣe di ọkọ̀ agbanilà. Àwọn atukọ̀ kò ṣojo rárá. Ọkọ̀ kékeré ti Sandhaven sún mọ́ iná náà láti yọ ènìyàn. Nínú atukọ̀ mẹ́ta tí ó wà nínú rẹ̀, méjì kò padà wálé mọ́. Lord Cullen, adájọ́ tí ó wádìí ọ̀ràn náà, gbé ìwé rẹ̀ jáde ní November 1990, pẹ̀lú àbá 106. Ó sì sọ níbẹ̀ pé Silver Pit kò yẹ fún iṣẹ́ ìgbanilà. Ìgboyà kò wọ́n. Ọkọ̀ ni kò tó. Lẹ́yìn èyí ni a mú òfin irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ le sí i ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Kí a má sì ṣe rò pé ọ̀ràn ará òkèèrè nìkan ni. Ní ọjọ́ 16 oṣù January, ọdún 2012, iná sọ lára ẹ̀rọ ìwapo KS Endeavor ní Fúníwá, lójú òkun Bayelsa. Ènìyàn 154 ni ó wà lórí rẹ̀ àti lórí ọkọ̀ tí ó wà nítòsí. A yọ 152, méjì ṣègbé. Iná náà jó ju ogójì ọjọ́ lọ. Ẹni 152 padà sílé, a sì dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ilé méjì ṣọ̀fọ̀.

Àwọn àgbà ní igi gogoro má gún mi lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó. Ẹni tí ó bá fi ohun àlòkù ṣe ohun ìgbàlà nítorí owó, ẹ̀mí ọmọ ẹlòmíràn ni ó fi ń ṣòwò. Nítorí náà èmi àti ìyá náà jókòó, a sì kọ èsì. Ohun mẹ́ta ni a bi ọmọ náà: Ọkọ̀ wo ni ó ń ṣọ́ yín? Ṣé iṣẹ́ yìí ni a kàn án fún? Nígbà wo ni ẹ ti fi ìgbanilà dánra wò kẹ́yìn?

Ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín wà lójú òkun, ẹ bèèrè bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú, kí ọjọ́ ibi tó dé.