ṢÉŃJÌ: Ọ̀RỌ̀ KAN, ÌTUMỌ̀ RẸPẸTẸ

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lóṣù yìí lè dà bí ọ̀rọ̀ eré lójú ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n ó wà lára ohun tó ń dá ìjà sílẹ̀ jù láàárín àwa àti àwọn oníbàárà wa. Ọ̀rọ̀ náà ni ṣéńjì.

Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń pè é, àmọ́ àwọn Òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì pàápàá, ọwọ́ àwọn Faransé ni wọ́n ti gbà á láyé àtijọ́. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ tiwa, a sọ ọ́ di ọmọ ilé. Ìyá àgbà tí kò mọ A yàtọ̀ sí B mọ ṣéńjì. Àwọn àgbà ní ẹ̀là lọ̀rọ̀, bí a ò bá là á, rírú ní í rú. Ẹ jẹ́ ká là á.

Ìkínní, ṣéńjì ni owó tó kù tí oníbàárà máa gbà. Ó ra ẹ̀fọ́ 800 náírà, ó mú 1,000 wá, ṣéńjì rẹ̀ jẹ́ 200. Ìkejì, ṣéńjì ni owó wẹ́wẹ́ fúnra rẹ̀. Bí ẹ bá ní, "Ìyá Ìbejì, ẹ bá mi wá ṣéńjì ẹgbẹ̀rún kan," Ìyá Ìbejì kò jẹ yín lówó, ẹ kàn fẹ́ kó bá yín ṣẹ́ owó ni. Ìkẹta, ṣéńjì ni ká pààrọ̀ ọjà: "Bàtà yìí ò gba ẹsẹ̀ ọmọ mi, mo fẹ́ ṣéńjì ẹ̀." Ìkẹrin, àwọn tó ń ná Kutọnu nínú wa mọ ti ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀, níbi tí a ti ń fi náírà gba sẹ́fà. Ìkarùn-ún, èèyàn náà a máa ṣéńjì: "Lágbájá ti ṣéńjì fún mi," ìyẹn ni pé ojú rẹ̀ ti yàtọ̀ sí mi. Ìkẹfà ni ti òṣèlú. Lọ́dún 2015, ṣéńjì ni ẹgbẹ́ APC fi polongo ìbò tí wọ́n fi wọlé. Ẹ sì mọ aláwàdà, tó bá gbọ́ ṣéńjì báyìí, á ní ti owó ni àbí ti ìjọba?

Èyí tó ń fa wàhálà ni ti ìkínní àti ìkejì. Bí a bá sọ fún oníbàárà pé "kò sí ṣéńjì," ohun tó wà lọ́kàn wa ni pé owó wẹ́wẹ́ ò sí. Ohun tí òun gbọ́ ni pé owó òun ti wọgbó. Ẹnu kan, ọ̀rọ̀ méjì. Ibẹ̀ ni èébú ti ń bẹ̀rẹ̀.

Òótọ́ ni pé owó wẹ́wẹ́ ṣọ̀wọ́n. Kọ́bọ̀ tó dé pẹ̀lú náírà lọ́dún 1973, ìtàn ló dà fún àwọn ọmọ wa. Owó onírin 1 náírà àti 2 náírà tí ìjọba gbé jáde lọ́dún 2007, ta ló fi ra ata rí lọ́jà? 5 náírà àti 10 náírà, òfin ò pa wọ́n, ṣùgbọ́n a kì í fi bẹ́ẹ̀ rí wọn mọ́. Ẹ sì rántí ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, nígbà tí wọ́n ní ká lọ pààrọ̀ 200, 500 àti 1,000. A fi owó ra owó, tòmátì jẹrà sínú apẹ̀rẹ̀, títí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ fi sọ ní 3 Oṣù Kẹta pé kí a máa ná ti àtijọ́ lọ títí ọdún á fi parí. Ṣéńjì owó ló gbé ṣéńjì owó mì lọ́dún náà.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fún ara wa. Kì í ṣe gbogbo "kò sí ṣéńjì" ló jẹ́ òótọ́. Ẹlòmíràn, owó wà nínú tòbí rẹ̀. Tí oníbàárà bá ní "ẹ gbé owó mi wá," kíá ni ṣéńjì yọjú. Ẹlòmíràn á fi súwíìtì tàbí mágí lé e lọ́wọ́. Ṣé súwíìtì ló wá rà ni? Bí kọ́ńdọ́ bá so àwa àti ẹni tí a ò mọ̀ rí pọ̀ sórí owó kan, tó ní ká lọ pín in, ṣebí à ń pariwo? Kí ló dé tí a wá ń ṣe é fún ẹlòmíràn?

Ẹ bá wa ṣírò ẹ̀. Bí a bá mú 50 náírà lọ́wọ́ oníbàárà 20, 1,000 la jèrè. Bí ẹnì kan ṣoṣo tó ń ná 5,000 lọ́dọ̀ wa lọ́sẹ̀ bá bínú lọ, ọjà 260,000 ló lọ lọ́dún kan. Èwo ló pọ̀ jù?

Kí la wá fẹ́ kí á ṣe? Ká tó wọn ọjà, ká tó gé e, ká béèrè pé, "Èló lẹ mú dání?" Bí kò bá sí owó wẹ́wẹ́, ká má sọ pé "kò sí ṣéńjì." Ká sọ pé, "200 yín wà lọ́wọ́ mi, owó wẹ́wẹ́ ni ò tíì sí," ká sì kọ ọ́ sí bébà fún un, tàbí ká fi ránṣẹ́ sí àkáǹtì rẹ̀ bó bá fẹ́. Súwíìtì, àfi tó bá fẹnu ara rẹ̀ béèrè. Ẹ̀yin aláṣọ àti oníbàtà, ẹ sọ ọ́ kó tó sanwó, bóyá ẹ máa pààrọ̀ ọjà tàbí ẹ máa dá owó padà, torí ọ̀tọ̀ ni méjèèjì.

Èyí tó kù wà lọ́wọ́ ẹgbẹ́. Àwọn alájọ ń kó owó wẹ́wẹ́ lọ́dọ̀ wa lójoojúmọ́. A dá a lábàá pé kí ìlà ìsọ̀ kọ̀ọ̀kan bá alájọ rẹ̀ sọ̀rọ̀, kó máa ṣẹ́ owó fún wa kó tó kúrò lọ́jà. Kí a jíròrò rẹ̀ ní ìpàdé tó ń bọ̀.

Oníbàárà tó bá gba owó rẹ̀ pé, á padà wá. Èyí tí kò gbà á pé, òun náà á ṣéńjì fún wa. Ọjà á tà o.

Akọ̀wé Ẹgbẹ́