Ẹ Má Dá Abẹ́rẹ́ Lẹ́bi

Bí ọ̀rọ̀ ìjàpá odò Yangtze bá ti jáde, ẹnìkan á ní àwọn dókítà Suzhou ló pa á. Èmi ò gbà.

Fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n: ìjàpá ńlá ni, ẹ̀yìn rẹ̀ rọ̀ bí awọ, ó lè wúwo ju géńdé ọkùnrin lọ. Ṣáínà àti àríwá Vietnam ni ilé rẹ̀. Wọ́n pa á jẹ, wọ́n kó ẹyin rẹ̀, wọ́n ba odò jẹ́. Lọ́dún 2008 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé abo kan láti ọgbà ẹranko Changsha lọ bá akọ ní Suzhou. Abo ń yé, ẹyin ò pa. Wọ́n yẹ akọ wò, nǹkan ọkùnrin rẹ̀ ti bàjẹ́. Láti 2015 ni wọ́n ti ń fọwọ́ gbé àtọ̀ sínú abo. Oṣù Kẹrin 2019, ìgbà karùn-ún, wọ́n fún un ní oògùn oorun, ó sì kú lọ́jọ́ kejì. Wọ́n ní ó ti lé ní 90 ọdún.

Nọ́ọ̀sì ni mí. Ẹ gbé arúgbó ẹni 90 ọdún wọ tíátà, kẹ́ ẹ wá ní abẹ́rẹ́ ló pa á? Nígbà tára ẹ̀ ṣì le ńkọ́, ibo lẹ wà?

Ẹ wo Perth ní Ọsirélíà. Ìjàpá àbàtà tiwọn kéré gan-an, àwọn tó kù ò tó 50 nígbà tí ọgbà ẹranko ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sìn wọ́n ní nǹkan bí 1988. Wọ́n ti bí ju 1,000 lọ níbẹ̀, wọ́n sì ń kó ọmọ padà sí àbàtà. Ewu ò tíì tán o, òjò ń dínkù níbẹ̀. Ṣùgbọ́n abo wọn ń yé, ẹyin ń pa.

Àwọn kan á ní ebi ń pa ènìyàn, ẹ̀ ń náwó sórí ahun. Ẹ gbọ́, kòtò omi àti yanrìn tí abo máa yé sí wọ́n ju kí a kó ọ̀mọ̀wé wọkọ̀ òfurufú nítorí abo kan ṣoṣo bí? Ẹ ń ṣahun sí ahun, ìnáwó wá di ìlọ́po.

Ní 2020 wọ́n rí abo mìíràn ní adágún Dong Mo, nítòsí Hanoi. Títí tó fi kú ní 2023, wọn ò rí akọ gbé wá bá a. Ìjàpá odò yòówù tó bá ti ku ọgọ́rùn-ún, ẹ kó díẹ̀ sínú adágún ìsìn lónìí, kí akọ àti abo ṣì lè ríra wọn fúnra wọn.