Ẹ Kú Oríire 70 Ọdún, Dókítà Denis Mukwege

Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹta ọdún 2025 lẹ pé ẹni 70 ọdún. Ìlú Bukavu ní Kóńgò ló bí yín, ṣùgbọ́n gbogbo ọmọ Adúláwọ̀ ló ni ayọ̀ yìí.

Ọmọ pásítọ̀ ni yín. Láti kékeré lẹ ti ń tẹ̀lé bàbá yín lọ gbàdúrà fún aláìsàn. Lọ́jọ́ kan ẹ bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn ò fún ọmọ tára rẹ̀ ò yá lóògùn. Wọ́n ní àdúrà niṣẹ́ tàwọn, dókítà ló ni oògùn. Bẹ́ ẹ ṣe mọ ohun tẹ́ ẹ máa dà nìyẹn. Ẹ kàwé ní Bùrúńdì, ẹ kọ́ ìtọ́jú obìnrin ní Angers nílẹ̀ Faransé, ẹ sì padà sílé.

Torí àwọn aboyún lẹ ṣe dá ilé ìwòsàn Panzi sílẹ̀ lọ́dún 1999. Àmọ́ obìnrin tí wọ́n fipá bá lò pọ̀, tí wọ́n tún yìnbọn lù, ni ẹni àkọ́kọ́ tẹ́ ẹ tọ́jú níbẹ̀. Látìgbà náà, ẹgbẹẹgbẹ̀rún irú rẹ̀ lẹ ti ṣiṣẹ́ abẹ fún. Bí ojú ọgbẹ́ bá jiná, Panzi tún ń wá ìtùnú, iṣẹ́ ọwọ́ àti agbẹjọ́rò fún wọn.

Lọ́dún 2012, àwọn agbébọn ká yín mọ́lé, wọ́n pa ẹni tó ń bá yín ṣiṣẹ́, ẹ sì sá lọ sókè òkun. Ẹni tó mọ inú rò ló ń mọ ọpẹ́ dá: àwọn obìnrin erékùṣù Idjwi, tí wọn ò rówó jẹun tán, ta ọ̀pẹ̀ òyìnbó àti àlùbọ́sà láti fi ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú fún yín. Ní oṣù kìíní ọdún 2013, ẹ padà dé, èrò sì tò sẹ́bàá títì bí omi. Oyè wo ló ju ìyẹn lọ?

Oyè ìwé náà ò gbẹ́yìn. Ẹni 60 ọdún ni yín nígbà tí yunifásítì kan ní Brussels fi yín joyè ọ̀mọ̀wé, lórí ìtọ́jú àwọn obìnrin tí ìtọ̀ ń jò lára wọn. Lọ́dún 2018, ẹ̀yin àti Nadia Murad, ajàfẹ́tọ̀ọ́ ọmọ ilẹ̀ Ìráàkì, jọ gba ẹ̀bùn Nobel fún àlàáfíà.

Ẹ̀mí yín á gùn, Dókítà. Ẹ̀yin aláṣẹ ayé tẹ́ ẹ ń fi àmì ẹ̀yẹ dá Dókítà lọ́lá, ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ọjọ́ ìbí yìí làwọn ọlọ̀tẹ̀ M23 wọ Bukavu. Ẹ bá wọn pa iná ogun yìí. Ẹ̀bùn tí wọ́n ń bèèrè lọ́wọ́ yín láti ọjọ́ yìí wá nìyẹn.