Ta Ló Kọ́ Dírẹ́bà Tírélà Níṣẹ́?

Ẹ̀yin ará Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó, ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà Ìdúmọ̀tà, ẹ̀yin baba wa ní Ìsàlẹ̀ Èkó, ọ̀pọ̀ ọjà tí ẹ ń tà, inú kọ̀nténà ló bá dé láti Àpápá. Ẹni tó ń gbé e bọ̀ lóru, ǹjẹ́ ẹ mọ ẹni tó kọ́ ọ níṣẹ́?

Mo mọ ọmọ àdúgbò wa kan tó ṣe mọ́tò-bọ́ì fún ọdún méjì. Òun ló ń fi igi há táyà, òun ló ń sùn ti ẹrù. Lọ́jọ́ kan, ibà dá ọ̀gá rẹ̀ wó. Olówó ọkọ̀ ní kí ọmọ náà máa gbé e lọ sí Ìbàdàn. Bó ṣe di dírẹ́bà nìyẹn! Láísẹ́ǹsì ńkọ́? Wọ́n bá a rà á ni, kò fojú kan ẹni tó dán an wò. Títí dòní, kò ní owó oṣù. Iye ìgbà tó bá gbẹ́rù ni wọ́n ń sanwó fún. Bó bá sùn, ebi ni. Ẹ wá ń bi í pé kí ló dé tó ń mu pàrágà?

Ẹ rántí Ojúẹlẹ́gba. Ní 2 oṣù kẹsàn-án 2015, kọ̀nténà já bọ́ láti orí afárá lé ọkọ̀ kan nísàlẹ̀, èèyàn mẹ́ta kú. Kò tíì pé ọdún mẹ́jọ, ní 29 oṣù kìíní 2023, níbẹ̀ náà, òmíràn já lé bọ́ọ̀sì tó ń kó èrò. Ẹni mẹ́sàn-án lọ, ọmọdé wà nínú wọn. Ẹ má gbàgbé afárá Ọ̀tẹ́dọlá, 28 oṣù kẹfà 2018: bíréèkì táńkà epo kọ̀, ó kéré tán èèyàn mẹ́sàn-án kú, ọkọ̀ tó lé ní àádọ́ta jóná.

Dírẹ́bà ni gbogbo ayé máa ń bú. A ò sọ pé dírẹ́bà kì í jẹ̀bi o. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́rọ́ wà tó yẹ kó di igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kọ̀nténà mọ́ ọkọ̀. Ta ni kò rà á? Ta ni kò pààrọ̀ bíréèkì? Orúkọ olówó ọkọ̀ kì í jáde.

Ṣáájú 2021, ìlà tírélà láti Àpápá a máa gun orí afárá Èkó. Inú ọkọ̀ ni dírẹ́bà ń sùn fún ọ̀sẹ̀ gbáko, ẹ̀bá títì ló ti ń wẹ̀. Ní oṣù kejì 2021, wọ́n gbé ìpè orí fóònù jáde, wọ́n tilẹ̀ pè é ní Ètò. Ìlà náà dínkù, ẹ jẹ́ ká sòótọ́. Ṣùgbọ́n Ètò kò kọ́ ẹnikẹ́ni ní bí a ṣe ń fi ẹrù sọ̀kalẹ̀ lórí afárá.

Ẹgbẹ́ wa kò ní parọ́ fún yín. Ti Àbújá ni wáàfù, a ò lè ṣèlérí rẹ̀. Èyí tó wà níkàáwọ́ Èkó la ń sọ. Ìjọba Èkó ní ilé ẹ̀kọ́ dírẹ́bà, LASDRI. Bí ẹ bá gbé wa wọlé, a ó ya apá kan níbẹ̀ sọ́tọ̀ fún tírélà, mọ́tò-bọ́ì kò sì ní dá wa ọkọ̀ àfi bí ó bá ti wa èyí tó kún fún ẹrù, pẹ̀lú àgbà dírẹ́bà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Owó oṣù ni a ó ní kí wọ́n máa san. Ọkọ̀ tí kò bá ní kọ́kọ́rọ́, olówó rẹ̀ ni a ó kọ́kọ́ pè.

Láìpẹ́, wọn á gbé ìrẹsì àti ańkárá wọ àdúgbò. Ẹ gbà á, owó yín náà ni. Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó tí Abíọ́lá ti kéde ara rẹ̀ ní ààrẹ ní 11 oṣù kẹfà 1994 kì í bẹ̀rù ìbéèrè. Kí wọ́n tó jókòó, ẹ bi wọ́n: láti 1999 tí agbo kan náà ti ń ṣe ìjọba Èkó, mọ́tò-bọ́ì mélòó ni wọ́n kọ́ níṣẹ́ tírélà?