ẸNI TÓ NAWỌ́ "MI Ò GBÀ" NÍ ÌPÀDÉ YÚNÍỌ̀NÙ Ò DẸ́ṢẸ̀ O

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí máa bí àwọn kan nínú. Ẹ kà á dópin kí ẹ tó bú mi.

Arákùnrin kan dúró dè mí lẹ́yìn ìsìn. Oko rọ́bà ló ti ń ṣiṣẹ́. Bí omi rọ́bà tó gbà bá ṣe pọ̀ tó ni wọ́n ń sanwó fún un. Àwọn ọ̀gá wọn ti gbé iye tuntun wá, yúníọ̀nù sì fẹ́ pàdé kí wọ́n dìbò sí i. Ó ní, "Dádì, pásítọ̀ kan sọ fún wa pé Kristẹni kì í bá ọ̀gá rẹ̀ du owó, pé Lúùkù orí 3 ẹsẹ 14 ló sọ bẹ́ẹ̀. Tí mo bá nawọ́ pé mi ò gbà, ṣé mo ti dẹ́ṣẹ̀ nìyẹn, sà?"

Inú bí mi. Kì í ṣe sí i o, sí ẹni tó kọ́ ọ bẹ́ẹ̀ ni.

Ta ni Jòhánù ń bá wí níbẹ̀? Sójà ni! Àwọn tó ń fipá gbowó lọ́wọ́ mẹ̀kúnnù, tó ń fẹ̀sùn èké kan èèyàn. Báwo la ṣe wá gbé ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi dá olè lẹ́kun lọ bá ẹni tí wọ́n ń jà lólè? Jékọ́bù fẹnu ara rẹ̀ dárúkọ owó iṣẹ́ tó ń fẹ́ fún Lábánì ní Jẹ́nẹ́sísì 30, Ọlọ́run ò bá a wí. Ẹ ka orí 31 náà, kí ẹ wo iye ìgbà tí Lábánì yí owó ọ̀hún padà.

Ẹ̀yin pásítọ̀ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ jẹ́ ká bára wa sọ òótọ́. Ìdá mẹ́wàá mánéjà tóbi ju ti òṣìṣẹ́ lọ. A mọ ẹni tí à ń wojú rẹ̀.

Mi ò ní kí ẹ kọ̀ ọ́ o. Ẹni tó bá gbà torí pé ọmọ rẹ̀ ò tíì jẹun, ẹ má pè é ní ọ̀dàlẹ̀. Ohun tí mò ń sọ ni pé kí ẹ mọ ohun tí ẹ ń gbà.

Ṣé ẹ rántí 2024? NLC àti TUC daṣẹ́ sílẹ̀ ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹfà, wọ́n dá a dúró lọ́jọ́ kejì. ₦494,000 ni wọ́n ń béèrè, ₦60,000 ni ìjọba ń nà sí wọn. Ìjọba gùn dé 62,000, òṣìṣẹ́ sọ̀ dé 250,000. Ní ọjọ́ 18 oṣù Keje, àwọn olórí gba ₦70,000. Ọjọ́ 29 ni Ààrẹ Tinubu bọwọ́ lù ú. Wọ́n tún sọ àtúnyẹ̀wò ọlọ́dún márùn-ún di ọlọ́dún mẹ́ta. Ìyẹn dáa, mo gbóríyìn fún wọn.

Ibi tó ti dùn mí nìyí. Nígbà tí owó epo bẹtiróòlù fò sókè ní oṣù Kẹsàn-án, Joe Ajaero, ààrẹ NLC, jáde pé wọ́n da àwọn. Ó ní Ààrẹ ní káwọn mú ọ̀kan: 250,000 tí lítà epo á di 1,500 sí 2,000, tàbí 70,000 tí owó epo ò ní lọ sókè. Níbo ni wọ́n kọ ìyẹn sí? 70,000 ló wà nínú òfin, ọ̀rọ̀ epo ò sí níbẹ̀. Mélòó nínú ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ni wọ́n sì bi pé èwo lẹ fẹ́? Inú ìròyìn lẹ ti gbọ́. (Mi ò pe ẹnikẹ́ni ní Lábánì o.)

Ẹ̀yin ará oko rọ́bà àti ọ̀pẹ, ọ̀pọ̀ yín ò mọ èyí: òfin 2019 tó wà lórí owó oṣù tó kéré jù yọ àwọn kan sílẹ̀. Ilé iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ ò tó 25, kò kàn wọ́n. Ẹni tí wọ́n ń sanwó fún níwọ̀n iṣẹ́ tó bá ṣe, kò kàn án. Iṣẹ́ àgbẹ̀ tó jẹ́ ti ìgbà díẹ̀ náà ńkọ́? Kò kàn án. Nítorí náà, bí ọ̀gá bá ní "ṣebí a ti gbé yín dé 70,000", ẹ bi í pé fún ta ni? Lọ́jọ́ tí òjò ò bá jẹ́ kí ẹ gba rọ́bà, èló ni? Ta ló ń wọ̀n ọ́n, ta ló sì ń yẹ òṣùwọ̀n náà wò? Òwe 11 ẹsẹ 1 sọ̀rọ̀ nípa òṣùwọ̀n, ẹ mú un lọ ìpàdé. Ìlérí ẹnu yòówù kí wọ́n ṣe, ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé kí ẹ tó nawọ́, kí ẹ̀dà kan sì wà lọ́wọ́ yín.

Àtẹ̀yin tí ẹ máa ń sọ pé ọ̀rọ̀ ayé ni yúníọ̀nù: ẹ ò lọ ìpàdé, ẹ ò dìbò, tówó bá kéré ẹ ó gbé e wá síbi àdúrà òru pé kí n bá yín dè é. Kí ni kí n dè?

Mo ti sún ẹ̀kọ́ Bíbélì ọjọ́ Túsìdeè sí Tọ́sìdeè, aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, torí ìpàdé yẹn. Kí ẹnikẹ́ni má fi ṣọ́ọ̀ṣì ṣe àwáwí.