Bí Kọ̀ǹpútà Ilé Yín Bá Ń Kú, Tó Tún Ń Jí

Ẹ tẹ bọ́tìnnì kọ̀ǹpútà. Iná ẹ̀ tàn, fáànù ń dún, àmì Windows yọ. Kò pẹ́, ojú ẹ̀ ṣókùnkùn, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Bó ṣe ń ṣe nìyẹn lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹwàá. Kí lẹ máa ṣe?

Ẹ jẹ́ ká sọ pé ìdílé kan ládùúgbò Bobiel, nílùú Niamey, ló ni irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀. Inú ẹ̀ ni ìwé àṣejáde ọmọ wọn obìnrin tó wà ní Yunifásítì Abdou Moumouni wà. Inú ẹ̀ ni ìyá kọ orúkọ àwọn oníbàárà tó jẹ ẹ́ ní gbèsè sí. Fọ́tò bàbá àgbà tó ti kú náà wà níbẹ̀, kò sì sí ẹ̀dà ẹ̀ níbòmíì. Wọ́n wá gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe. Kò tíì wò ó dáadáa tó fi sọ pé: “Ẹ jẹ́ ká fọ́máàtì ẹ̀.” Tí wọ́n bá gbà bẹ́ẹ̀, gbogbo ohun tá a kà sílẹ̀ yìí lè pa rẹ́. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ó lè jẹ́ sọ́kẹ́ẹ̀tì ara ògiri ló fa gbogbo wàhálà náà.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Kẹ́ ẹ tó gbà kí ẹnikẹ́ni pa ohun tó wà nínú kọ̀ǹpútà yín rẹ́, ẹ kọ́kọ́ wádìí ibi tí àìsàn náà wà.

Ìgbà wo gan-an ló ń kú?

Tó bá ń kú kí àmì Windows tó yọ, iná ló sábà máa ń fà á, tàbí ooru, tàbí kó jẹ́ pé nǹkan kan ò jókòó dáadáa nínú ẹ̀. Tó bá jẹ́ ìgbà tí àmì náà bá ti yọ ló ń kú, ó lè jẹ́ pé fáìlì kan tí Windows nílò ló bà jẹ́, tàbí kó jẹ́ hard disk, ìyẹn ibi tí fáìlì wà, ló ti ń dẹnu kọlẹ̀. Tó bá sì jẹ́ ẹ̀yìn tẹ́ ẹ ti wọlé tán ni, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ètò kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé sórí ẹ̀ ló ń dà á láàmú.

Àyẹ̀wò kan wà tí kò ná yín ní kọ́bọ̀. Ẹ tan kọ̀ǹpútà náà, kẹ́ ẹ máa tẹ F2 tàbí Delete léraléra. Esc tàbí F10 ni àwọn míì ń lò. Ojú ìwé kan máa ṣí, tí wọ́n kọ orúkọ àwọn ẹ̀yà ara kọ̀ǹpútà náà sí. Ojú ìwé yìí kì í ṣe ara Windows, kì í sì í ṣe orí hard disk ló ti ń wá. Ẹ má fọwọ́ kan nǹkan kan, ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15. Tó bá kú síbẹ̀, ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti Windows. Kódà kí wọ́n fọ́máàtì ẹ̀ nígbà mẹ́wàá, á ṣì máa kú. Àmọ́ tí kò bá kú, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ Windows tàbí hard disk lẹ máa yẹ̀ wò.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí iná

Fún ọ̀pọ̀ ọdún ṣáájú 2023, Nàìjíríà ni ìdá tó pọ̀ jù lára iná mànàmáná tí wọ́n ń lò ní Niger ti ń wá. Nígbà táwọn sójà gbàjọba ní July 26, 2023, Nàìjíríà já iná náà, Niamey sì mọ̀ ọ́n lára. Ohun tó ń ṣe Àbóyadé, gbogbo ọlọ́ya ló ń ṣe: ní Niamey o, ní Èkó o, ní Kútọnu o, kò sẹ́ni tí kò mọ iná tó ń lọ tó ń bọ̀. Iná tí kò lágbára tó lè mú kí kọ̀ǹpútà ṣubú ní gbàrà tó bá fẹ́ dìde, torí ìgbà yẹn ni fáànù àti hard disk jọ ń béèrè iná lẹ́ẹ̀kan náà.

Torí náà, ẹ yọ gbogbo ohun tẹ́ ẹ kì bọ kọ̀ǹpútà náà: fláàṣì, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, wáyà fóònù. Ẹ kì í bọ ara ògiri tààrà. Tí kò bá yí pa dà, ẹ gbìyànjú sọ́kẹ́ẹ̀tì míì àti wáyà míì. Tó bá jẹ́ alágbèéká, tí bátìrì ẹ̀ sì ṣì dáa, ẹ yọ ṣájà, kẹ́ ẹ fi bátìrì nìkan tàn án. Tó bá dúró, ṣájà tàbí iná ilé ni kẹ́ ẹ fura sí. Ẹ sì kíyè sí i bóyá ìgbà tí fíríìjì bá bẹ̀rẹ̀ sí í dún ló máa ń kú.

Eruku àti ooru

Ní oṣù April, ooru Niamey máa ń kọjá 40°C. Nígbà ọyẹ́ ńkọ́? Eruku aṣálẹ̀ máa ń wọ ibi gbogbo. Tó bá ti dí fáànù pa, ara kọ̀ǹpútà á gbóná kọjá ààlà, á sì pa ara ẹ̀ kó má bàa jóná.

Tó bá jẹ́ kọ̀ǹpútà orí tábìlì, ẹ yọ wáyà iná ẹ̀, kẹ́ ẹ tẹ bọ́tìnnì ẹ̀ mọ́lẹ̀ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 15, kẹ́ ẹ wá ṣí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì tó rọ̀ gbá eruku ẹ̀, àmọ́ ẹ di fáànù mú kó má yí. Ẹ yọ RAM, ìyẹn pátákó tẹ́ẹ́rẹ́ tí kọ̀ǹpútà fi ń rántí ohun tó ń ṣe lọ́wọ́, kẹ́ ẹ sì tún un kì bọ ibi tó wà dáadáa. Tó bá jẹ́ méjì, ẹ dán wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Àmọ́ ẹ má ṣí àpótí irin tí wáyà iná ń wọ̀ láéláé, torí iná ṣì lè wà nínú ẹ̀ bẹ́ ẹ tiẹ̀ ti yọ wáyà.

Tó bá jẹ́ Windows ńkọ́?

Tí àmì Windows bá ti yọ, ẹ tẹ bọ́tìnnì mọ́lẹ̀ títí kọ̀ǹpútà á fi kú. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà méjì sí mẹ́ta. Windows 10 àti 11 á wá ṣí ojú ìwé àtúnṣe fúnra ẹ̀. Tó bá jẹ́ èdè Faransé ni kọ̀ǹpútà yín ń sọ, ẹ lọ sí “Dépannage”, lẹ́yìn náà “Options avancées”. Ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kó gbìyànjú láti tún ara ẹ̀ ṣe. Tí kò bá ṣiṣẹ́, ẹ wá ibi tí wọ́n ti ń pinnu bó ṣe máa bẹ̀rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá tẹ 9 níbẹ̀, kò ní máa sáré kú mọ́ tí àṣìṣe bá ṣẹlẹ̀, ẹ máa lè rí ohun tó kọ. Ẹ fi fóònù ya á. Tẹ́ ẹ bá sì tẹ 4, á gbé “Mode sans échec” wá, níbi tí Windows ti máa ń gbé kìkì ohun tí kò lè ṣe láìní dìde. Tó bá wọlé, ẹ kó fáìlì yín sórí fláàṣì lójú ẹsẹ̀. Tó bá ní kẹ́ ẹ mú kọ́kọ́rọ́ BitLocker wá, ẹ wò ó nínú àkáǹtì Microsoft yín. Ó sábà máa ń wà níbẹ̀.

Ṣẹ́ ẹ rántí July 19, 2024? Lọ́jọ́ yẹn, ilé iṣẹ́ CrowdStrike fi fáìlì kan tó lábùkù ránṣẹ́, nǹkan bíi mílíọ̀nù 8.5 kọ̀ǹpútà sì kọṣẹ́ kárí ayé. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ń kú, wọ́n ń jí. Ọkọ̀ òfuurufú ò gbéra, iṣẹ́ dúró láwọn ilé ìwòsàn kan. Kí ni wọ́n fi wò ó sàn? Wọ́n gba ojú ọ̀nà tá a ṣẹ̀ṣẹ̀ júwe yìí wọlé, wọ́n pa fáìlì kan ṣoṣo yẹn rẹ́, kọ̀ǹpútà sì dìde. Fáìlì kan ṣoṣo ló mú un ṣubú, kò sì pọn dandan kí ìyókù bá a lọ.

Tẹ́ ẹ bá máa gbé e lọ síta

Tí gbogbo èyí ò bá ṣiṣẹ́, ẹ gbé e lọ fún ẹni tó mọṣẹ́. Àmọ́ kẹ́ ẹ tó fi í sílẹ̀, ẹ sọ ohun mẹ́ta yìí fún un. Àkọ́kọ́, ẹ sọ ìgbà tó ń kú àti ohun tẹ́ ẹ ti dán wò. Ìkejì, ẹ ní kó yọ hard disk, kó so ó mọ́ kọ̀ǹpútà míì, kó sì kó fáìlì yín jáde kó tó ṣe ohunkóhun. Ìkẹta, ẹ ní kò gbọ́dọ̀ fọ́máàtì ẹ̀ àfi tẹ́ ẹ bá ti fi ojú ara yín rí fáìlì náà. Tí hard disk bá ń dún kọ̀, kọ̀, kọ̀, ẹ má ṣe tan kọ̀ǹpútà náà mọ́ rárá. Bẹ́ ẹ ṣe ń tàn án lẹ ń bà á jẹ́ sí i.

Tí kọ̀ǹpútà yín bá ṣì ń ṣiṣẹ́ dáadáa, inú yín dùn nìyẹn. Ẹ wá fláàṣì kan lónìí, kẹ́ ẹ da fọ́tò àti ìwé tẹ́ ò fẹ́ pàdánù sí i, kẹ́ ẹ sì tọ́jú ẹ̀ sínú yàrá míì. Kọ̀ǹpútà ṣeé rà. Àwọn fọ́tò yẹn ò ṣeé rà.